Ọkùnrin tó wá yẹ sáìtì wa wò: ₦35,000 tí mi ò kábàámọ̀

Bíríkìlà ni mí, Abẹ́òkúta níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ iṣẹ́ mi kan já bọ́ láti orí àkàbà, apá rẹ̀ sì dá. Ẹsẹ̀ àkàbà ló yọ̀, èmi ni mo sì gbé e síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ẹni tí yóò bá mi wo ibi tí ewu wà. Wọ́n júwe ọkùnrin kan fún mi ní Kútọ̀, tó ń ta bàtà, akoto àti ìbọ̀wọ́. Mo rò pé ọjà ni yóò kó wá. Ìwé àti téépù nìkan ló mú dání.

Orí àpáta la ti ń ṣiṣẹ́, ẹ mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí. Ẹ̀rọ oníbẹntiróòlù la fi ń gé òkúta. Ọkùnrin náà tẹ́ ọ̀rá dúdú sílẹ̀, ó ní kí ọmọkùnrin tó ń gé e máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ọ̀rá náà fi funfun bí ẹni da èlùbọ́ sí i. Ó fi ìka fà á, ó ní, “Ọ̀gá mi, èyí tí ẹ rí yìí ṣì dára. Èyí tí ojú ò rí ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró.” Sílíkà, èròjà kan tó wà nínú òkúta, ló wà nínú eruku gíráńáìtì, irú òkúta tí à ń gé. Ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí oògùn tó ń dá a padà.

Ó wá fi ẹnu kékeré kan hàn mí lára ẹ̀rọ náà, ibi tí wọ́n ń so rọ́bà omi mọ́. Ọdún mẹ́ta tí mo ti rà á, a ò so nǹkan kan mọ́ ọn rí! A so ó, a tún gé òkúta, ọ̀rá tuntun tó tẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí àwọ̀. Ó kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ dán èyí wò pẹ̀lú ẹ̀rọ oníná tí wọn ò ṣe fún omi, iná á gbé èèyàn. Lẹ́yìn èyí ló tó dárúkọ ìbòmú N95, ó ní aṣọ tí a ń so mọ́mú ò dá eruku yẹn dúró. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn: ó kọ́kọ́ dín ewu kù kó tó sọ̀rọ̀ ọjà tó ń tà.

Ó wọn àkàbà náà. Bí ibi tó fara tì bá ga ní mítà 4, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi mítà 1 jìnnà sí ògiri, kí a sì so orí rẹ̀. Ẹsẹ̀ èyí tí mo gbé lọ́dún tó kọjá á fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mítà 2 jìnnà sí ògiri. Ó dùn mí gan-an.

Ó bi mí nípa owó NSITF pẹ̀lú, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí owó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Òfin ọdún 2010 ní kí ọ̀gá máa san ìdá 1 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ síbẹ̀, nítorí ẹni tó bá fara pa. Mo ti ń bá ètò rẹ̀ lọ.

Aago mẹ́jọ la jọ sọ, mọ́kànlá ló dé. Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi kọ ìwé àbọ̀ rẹ̀, àwọn lébìrà mi ò lè kà á. Mo bẹ̀ ẹ́, ó jókòó tì wọ́n lábẹ́ igi máńgòrò, ó fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ tán.

Tí ẹ bá fẹ́ pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó wá lọ́jọ́ tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n pa ò ní eruku tí yóò rí.