Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni nítorí waitlist Prolific o

Ẹ̀yin ará wa tá a jọ wà ní UK, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tẹ́ ẹ ń wá owó díẹ̀ kún owó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí bọ̀dá kan tó ń ká àwọn group WhatsApp wa kiri, ó ní òun ní èèyàn nínú Prolific, ìkànnì tí wọ́n ti ń sanwó féèyàn láti dáhùn ìbéèrè, tó máa bá yín ti orúkọ yín síwájú. Irọ́ ni. Ó ti gba £40 lọ́wọ́ mi, owó yẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó ìyókù.

Prolific yìí, ibẹ̀ làwọn tó ń ṣèwádìí ní yunifásítì àti kọ́ńpìnì ti ń wá ẹni tó máa dáhùn ìbéèrè wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ san £6 ó kéré tán fún wákàtí kan. Ọ̀fẹ́ ni kéèyàn forúkọ sílẹ̀. Tí irú èèyàn bíi tiyín bá ti pọ̀ ju iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ lọ, wọ́n á ní kẹ́ ẹ dúró ná, òun ni waitlist yẹn. Kò dà bíi ká tò sí báńkì o, pé ẹni tó kọ́kọ́ dé ló máa kọ́kọ́ wọlé. Irú ẹni táwọn olùwádìí ń wá lásìkò yẹn ni wọ́n ń wò, ọjọ́ orí, ibi téèyàn ń gbé, ọkùnrin àbí obìnrin, ìdí nìyẹn tí àbúrò mi tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́yìn mi fi wọlé láàárín ọjọ́ 3 témi sì wà lẹ́nu ọ̀nà fún oṣù 4. Tí àyè bá yọ, íméèlì á wọlé, ó tán. Ibo ni ẹnì kan fẹ́ tì yín sí?

Lẹ́yìn tó gbowó, ó ní kí n fi fọ́tò páàsípọ́ọ̀tù mi ránṣẹ́, ó tún ní kí n ṣe fídíò ojú mi kí n máa yí orí sọ́tùn-ún sósì. Mo ṣe é, torí ó ń sọ Yorùbá sí mi, ó ń pè mí ní àǹtí mi, ó ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ 2 tó fi blọ́ọ̀kù mi.

Ẹ wá gbọ́ o, oṣù tó kọjá íméèlì Prolific wọlé fúnra ẹ̀, inú mi dùn, mo ṣe é títí dé ibi tí wọ́n ti ń ní kéèyàn ya páàsípọ́ọ̀tù àti ojú ara ẹ̀, ni wọ́n bá ní ẹnì kan ti fi ìwé yẹn ṣí àkáǹtì míì. Àkáǹtì kan péré ni wọ́n ń gba ẹnì kan láyè. Mo ti kọ̀wé sí wọn, mo ṣì ń retí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ra àkáǹtì Prolific tẹ́lòmíì ti ṣí sílẹ̀, ojú ẹnì kan bíi tèmi ló wà lórí ẹ̀. Àwọn tó ń tà á á ní kẹ́ ẹ lo VPN, ìyẹn ohun tó ń fi ibi téèyàn wà gan-an pa mọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Prolific ò sì gba VPN, ọjọ́ tí wọ́n bá rí i ni owó yín wọgbó.

Ẹni tó bá ti fún bọ̀dá yẹn ní nǹkan, ẹ pe 159, wọ́n á so yín pọ̀ mọ́ báńkì yín, ẹ yí password íméèlì yín padà, ẹ sì ní kí Cifas, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì ní UK, sàmì sí orúkọ yín kẹ́nikẹ́ni má fi páàsípọ́ọ̀tù yín yá owó, wọ́n máa gba owó díẹ̀, àmì náà á sì wà fún ọdún 2. Èmi ti ṣe tèmi. Bọ̀dá yẹn ti pààrọ̀ nọ́ńbà báyìí, àmọ́ tẹ́nì kan bá ń kí yín ní àǹtí mi, bọ̀dá mi, tó sì ń béèrè fídíò ojú yín, òun nìyẹn.