Ìwé ìtọ́sọ́nà olùdìbò California: àyẹ̀wò ohun tó kọ lórí Àbá 8 ọdún 2008

Ọ̀fẹ́ ni ìwé yìí. Ọ́fíìsì Akọ̀wé Ìpínlẹ̀ California, tó ń bójú tó ètò ìbò, ló ń tẹ̀ ẹ́, ilé olùdìbò ni wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí. Òfin ní wọn ò gbọdọ̀ tètè fi ránṣẹ́ kó ju 40 ọjọ́ sí ìbò lọ, kò sì gbọdọ̀ pẹ́ kó wá ku ọjọ́ tí kò tó 21. Ẹ̀dà tí à ń yẹ̀ wò níbí ni ti ìbò ọjọ́ 4, Oṣù Kọkànlá, ọdún 2008, pàápàá àwọn ojú ewé tó dá lórí Àbá 8, òfin tí wọ́n ní kí aráàlú fúnra wọn dìbò bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́ lé lórí, tó fẹ́ fòfin de ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin. Owó tí ìhà méjèèjì ná lórí àbá kan ṣoṣo yìí lé ní 80 mílíọ̀nù dọ́là. Láàárín ìpolówó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, inú ìwé yìí ni olùdìbò ti lè fi ojú ara rẹ̀ rí òfin náà, kó kà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìsí ẹnikẹ́ni tó ń pariwo sí i létí.

Ìwé tó dára ni. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀nà tí wọ́n gbà tò ó yàtọ̀ sí ọ̀nà tó yẹ kéèyàn gbà kà á. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ìjà ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé kó tó dé ọ̀dọ̀ òfin. Àbá méjìlá ló wà nínú ìbò ọdún náà, gbogbo òfin wọn ni wọ́n sì kó sẹ́yìn ìwé pẹ̀lú lẹ́tà wínníwínní. Ẹ̀yìn yẹn gan-an ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ ṣí.

Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí i pé Àbá 8 kò gùn rárá. Gbólóhùn kan ni, ọ̀rọ̀ 14 péré ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: kìkì ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin àti obìnrin ni yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí wọn ó sì kà sí ìgbéyàwó, ní California. Ìlà tó yẹ kẹ́ ẹ fi ìka tọ́ ni èyí tó sọ ibi tí gbólóhùn náà fẹ́ wọlé sí: Abala Kìíní òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà, níbi tí wọ́n to ẹ̀tọ́ aráàlú sí, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ 7.5. Gbogbo ọ̀ràn náà wà níbẹ̀. Ní Oṣù Kẹta ọdún 2000, àwọn olùdìbò California ti fi ìdá tó lé ní 61 nínú ọgọ́rùn-ún fọwọ́ sí Àbá 22, tí ọ̀rọ̀ 14 rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Àbá 8 rárá. Òfin lásán ni Àbá 22. Òfin lásán wà lábẹ́ òfin ìpìlẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní California fi lè wọ́gi lé e ní ọjọ́ 15, Oṣù Karùn-ún, ọdún 2008, nígbà tí adájọ́ mẹ́rin borí mẹ́ta. Àwọn tó gbé Àbá 8 wá mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ kan náà bá wọ inú òfin ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀, ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ kò ní lè fi òfin ìpìlẹ̀ náà lù ú mọ́. Ìyàtọ̀ tó tóbi tó báyìí, gbólóhùn kékeré tó tẹ̀lé àkọlé ni ìwé náà fi sọ ọ́, pé àtúnṣe sí òfin ìpìlẹ̀ látọwọ́ aráàlú ni. Ẹni tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ yóò rékọjá rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ya ìlà kan sọ́tọ̀ tí yóò ṣàlàyé pé òfin lásán ń fẹ́ ìbuwọ́lùwé tó tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún iye ìbò tí wọ́n dì fún ipò gómìnà kẹ́yìn kó tó dé iwájú olùdìbò, pé àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ ń fẹ́ ìdá 8 (lọ́dún yẹn, 694,354), àti pé bó bá ti dé ọjọ́ ìbò, ìbò kan ṣoṣo tó bá fi ju ìdajì lọ tó fún méjèèjì.

Lẹ́yìn òfin, ẹ padà síwájú, ẹ ka àkọlé. Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ ló ń kọ àkọlé àti àkópọ̀ ọ̀rọ̀, àkópọ̀ náà kò sì gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 100 lọ. Nígbà tí wọ́n ń gbé ìwé kiri kí aráàlú buwọ́ lù ú, ohun tí àkọlé sọ ni pé àbá náà fi ààlà sí ìgbéyàwó. Nígbà tí ìwé ìtọ́sọ́nà jáde, Jerry Brown tó jẹ́ Agbẹjọ́rò Àgbà ti yí i padà: àbá náà fagi lé ẹ̀tọ́ àwọn tó jẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin láti ṣègbéyàwó. Àwọn tó gbé àbá wá gba kóòtù lọ ní Sacramento pé àkọlé tuntun ti dájọ́ kí ìbò tó dé. Kóòtù ní kí àkọlé dúró bó ṣe wà.

Lójú tiwa, àkọlé kejì ló bá ohun tó wà nílẹ̀ mu. Nígbà tí wọ́n ń gba ìbuwọ́lùwé, kò sí ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ ní California tí ẹnikẹ́ni lè fagi lé. Láti àárín Oṣù Kẹfà ọdún 2008, àwọn èèyàn ti ń fẹ́ ara wọn lábẹ́ òfin. Ṣùgbọ́n ẹ̀dùn ọkàn àwọn olùpẹ̀jọ́ yé wa, torí ẹni tó buwọ́ lu ìwé rí orúkọ kan, ẹni tó dìbò rí òmíràn. Ìwé ìtọ́sọ́nà kò sì sọ níbì kankan pé orúkọ ti yí padà, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ìdí rẹ̀. Ìlà méjì péré ì bá ti tó.

Ibi tí ìwé yìí ti gba oríyìn jù ni àpótí tó ṣàlàyé ohun tí bẹ́ẹ̀ni àti bẹ́ẹ̀kọ́ túmọ̀ sí. Àbá 8 le lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ẹni tó fara mọ́ ọn pé kí ọkùnrin sí ọkùnrin lè ṣègbéyàwó, bẹ́ẹ̀ni ló wà lẹ́nu rẹ̀ bó bá ń jáde nílé; bẹ́ẹ̀kọ́ ló sì gbọdọ̀ fi sàmì. Ẹni tí kò fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ni ni yóò yàn. Ìdààmú yìí bá ìhà méjèèjì. Orí ìwé ìdìbò fúnra rẹ̀ kò ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀, torí ọ̀rọ̀ 75 péré ni òfin gbà láyè níbẹ̀ fún àbá kọ̀ọ̀kan. Àpótí inú ìwé ìtọ́sọ́nà sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: bẹ́ẹ̀ni, òfin ìpìlẹ̀ yóò wí pé ti ọkùnrin àti obìnrin nìkan ló fẹsẹ̀ múlẹ̀, bẹ́ẹ̀kọ́, ìgbéyàwó àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin yóò máa fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ. Ọ̀nà tó dájú jù láti lò ó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí òfin wí lónìí sórí bébà, kẹ́ ẹ kọ ohun tí yóò wí lọ́la bí bẹ́ẹ̀ni bá borí sábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ tó béèrè lọ́wọ́ ara yín èwo lẹ fẹ́ nínú méjèèjì. Ẹ má fi orúkọ ìpolongo ṣe atọ́nà. Ẹ sàmì sí ìwé ìdìbò àwòkọ tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ránṣẹ́ nílé, kẹ́ ẹ mú un dání lọ.

Iṣẹ́ ọ́fíìsì tó ń yẹ owó àti òfin wò fún ilé aṣòfin ni àlàyé tó kàn, kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni fò ó bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dùn ún kà. Wọ́n ní láàárín ọdún mélòó kan, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ lè pàdánù ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù mẹ́wàá-mẹ́wàá dọ́là, tí púpọ̀ rẹ̀ jẹ́ owó orí orí ọjà, àti pé bó bá pẹ́ títí, àyípadà kò ní tó nǹkan. Ibi tí owó náà ti ń wá rọrùn láti rí: àwọn tó wá ṣègbéyàwó ń ra nǹkan, ọjà tí wọ́n rà sì ń mú owó orí wọlé. Ohun tó mú kí èyí gbàfiyèsí ni pé ìṣirò tó wà lórí ìwé ìbuwọ́lùwé sọ pé àbá náà kò ní mú owó jáde tàbí wọlé rárá, nítorí kò ní yí ohunkóhun padà nínú bí ìpínlẹ̀ ṣe ń ka ìgbéyàwó. Òótọ́ ni méjèèjì ní àkókò tí wọ́n kọ wọ́n. Ìdájọ́ Oṣù Karùn-ún ló yí ilẹ̀ tí ìṣirò dúró lé padà.

Ìgbà yìí la tó kan àríyànjiyàn. Ọ̀rọ̀ 500 ni ìhà kọ̀ọ̀kan ní, 250 láti fèsì, ẹni mẹ́ta péré ló sì lè buwọ́ lu ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ní kí wọ́n dìbò bẹ́ẹ̀ni sọ pé ọ̀rọ̀ 14 kan náà tí aráàlú fọwọ́ sí ní 2000 làwọn gbé wá, pé adájọ́ mẹ́rin kò yẹ kó borí mílíọ̀nù èèyàn, pé kò sí ẹ̀tọ́ kankan tí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alájọgbé lábẹ́ òfin yóò pàdánù, àti pé wọ́n lè fi dandan lé e fún olùkọ́ láti máa kọ́ ọmọdé pé ìgbéyàwó méjèèjì kò yàtọ̀. Àwọn tó ní kí wọ́n dìbò bẹ́ẹ̀kọ́ sọ pé òfin kan náà ló yẹ kó wà fún gbogbo èèyàn, pé ìforúkọsílẹ̀ alájọgbé kò tó ìgbéyàwó, pàápàá nígbà àìsàn òjijì tó bá gbéni dé ọsibítù, àti pé kò sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ẹ̀kọ́ nínú Àbá 8.

Bí ẹ bá ti ka òfin láti ẹ̀yìn ìwé, ẹ lè yẹ èyí tó kẹ́yìn yìí wò fúnra yín láàárín ìṣẹ́jú kan. Òótọ́ ni, kò sí ọ̀rọ̀ ilé ìwé níbẹ̀. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìṣe tí ìhà bẹ́ẹ̀ni lò: wọn “lè” fi dandan lé e. Wọn ò sọ pé wọn “yóò”. Ìsàlẹ̀ ojú ewé wọ̀nyí ni ìkìlọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rí, pé èrò àwọn tó kọ ọ́ ni, àti pé kò sí ọ́fíìsì ìjọba kankan tó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òótọ́ ni. Wọ́n tẹ ìkìlọ̀ yẹn kéré jù. Orí ló yẹ kó wà, kó tóbi tó àkọlé. Òtítọ́ ni pé wọ́n máa ń gbé ìwé náà síta fún ogún ọjọ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tí olùdìbò èyíkéyìí sì lè gba kóòtù lọ pé irọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ní agbẹjọ́rò àti owó lásìkò lèyí wúlò fún.

Ibi tí ìwé náà ti kùnà pátápátá la fẹ́ sọ báyìí, ó sì dùn wá. Nǹkan bí 18,000 méjì-méjì ló ti ṣègbéyàwó láàárín Oṣù Kẹfà sí ọjọ́ ìbò. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí wọn? Àkọlé kò sọ. Àlàyé ọ́fíìsì ilé aṣòfin kò sọ. Inú èsì ìhà bẹ́ẹ̀ni nìkan ni a ti rí ọ̀rọ̀ kan tó kan ibẹ̀: pé ti ọkùnrin àti obìnrin nìkan ni yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìgbà yòówù tàbí ibi yòówù tí wọ́n ti ṣe é. Gbólóhùn kan, nínú ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò, ló gbé ọ̀rọ̀ ìdílé èèyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àbá náà borí pẹ̀lú ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ti fẹ́ ara wọn sì wà láàárín àìmọ̀ títí di ọjọ́ 26, Oṣù Karùn-ún, ọdún 2009, nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní ìpínlẹ̀ náà ní Àbá 8 dúró, ṣùgbọ́n kò kan ìgbéyàwó tó ti wáyé ṣáájú rẹ̀. Àwọn adájọ́ ka gbólóhùn inú ìwé ìtọ́sọ́nà yẹn, wọ́n sì ní kò lágbára tó láti tú ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni ká.

Ẹ ò rí i pé ìwé yìí kì í ṣe bébà tí wọ́n ń kà tán tí wọ́n ń jù nù. Bí ìjà òfin bá dé, òun ni adájọ́ máa ń ṣí láti mọ ohun tó wà lọ́kàn olùdìbò. Nígbà tí Adájọ́ Vaughn Walker ti kóòtù àpapọ̀ fagi lé Àbá 8 ní ọjọ́ 4, Oṣù Kẹjọ, ọdún 2010, ó mú ọ̀rọ̀ láti inú àríyànjiyàn ìwé ìtọ́sọ́nà wọ inú ìdájọ́ rẹ̀. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà, ní Oṣù Kẹfà ọdún 2013 ni wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìgbéyàwó náà ní California.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bóyá ìwé náà ti dára sí i lè fi ti 2008 wé ti Oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nígbà tí Àbá 3 wá yọ gbólóhùn ẹsẹ̀ 7.5 kúrò. Lọ́tẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ni ni ti ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀tọ́ náà wà, ó sì borí pẹ̀lú ìdá tó lé ní 62. Ìṣirò owó ibẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: kò sí àyípadà, torí wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó náà tẹ́lẹ̀. Ètò ìwé kò yí padà púpọ̀, òfin ṣì wà lẹ́yìn.

Ohun kan tí ẹ kò ní rí nínú ẹ̀dà 2008 ni orúkọ àwọn tó ń sanwó ìpolongo. Orí Cal-Access, ìkànnì Akọ̀wé Ìpínlẹ̀, lẹ ó ti wá a. Yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tẹ ìwé náà ní èdè Sípáníìṣì, Ṣáínà, Japan, Kòríà, Tàgálọ́ọ̀gì àti Vietnam. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan nínú wọn ní láti béèrè kí ọjọ́ ìfiránṣẹ́ tó pé.