Aáyù, Atalẹ̀ Tàbí Ti Inú Ìgò: Ohun Tí Ẹ Ó Wò Kí Ẹ Tó Rà Á fún Adìẹ

Ẹni tó bá ń sin adìẹ l'Ógbòmọ̀ṣọ́ lónìí kò ní pẹ́ pàdé ẹni tó ń ta ewé àti egbò tí wọ́n ní ká máa pò mọ́ fíìdì. Òótọ́ wà nínú ọjà yìí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2006 ni Ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de fífi oògùn apakòkòrò àrùn (antibiotic) sínú oúnjẹ ẹran nítorí kó lè tètè sanra, àtìgbà náà ni àwọn ewé àti egbò wọ̀nyí sì ti túbọ̀ ń tà káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí aáyù ń ṣe kọ́ ni atalẹ̀ ń ṣe, ẹlòmíì sì wà tó jẹ́ pé iyanrìn àti èèpo ló ń tà fún yín.

Ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ ṣáájú. Kò sí ìkankan nínú wọn tó rọ́pò àjẹsára. Ẹni tó bá sọ pé ìyẹ̀fun òun ń wo àrùn adìẹ bíi Newcastle tàbí Gumboro sàn, ẹ má ra ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ìfun adìẹ, aáyù ni mo máa kọ́kọ́ rà. Èròjà tí wọ́n ń pè ní allicin ló ń bá kòkòrò inú ìfun jà, kò sì sí lára odindi aáyù. Ìgbà tí a bá gún un tàbí tí a gé e ló ń jáde. Ooru líle ló ń pa á. Ìdí nìyẹn tí ìyẹ̀fun aáyù tí wọ́n yan lórí iná fi lè funfun, kó kúnná, kó má sì wúlò. Bí ẹ bá dé ọjà Sábó, ẹ bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ kán omi sí i, ẹ fi ìka pò ó, kí ẹ dúró díẹ̀. Èyí tó dára, ìgbà tí omi bá kàn án ni òórùn rẹ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá máa le, tí á fẹ́rẹ̀ẹ́ ta yín nímú. Èyí tó ti kú á kàn máa rùn bí ọbẹ̀ àná. Ẹ má sì ṣe é ní àṣejù o, nítorí aáyù tó bá pọ̀ jù lè ba ẹ̀jẹ̀ ẹran jẹ́.

Atalẹ̀ ń ran àwọn adìẹ lọ́wọ́ láti jẹun, kí oúnjẹ sì dà nínú wọn. Mo fi í sẹ́yìn aáyù nítorí owó. Ní 2023, àrùn kọlu oko atalẹ̀ ní gúúsù Kàdúná, níbi tí púpọ̀ nínú èyí tí à ń rà ti ń wá, owó rẹ̀ sì fò sókè. Bí owó bá tó, ẹ pa méjèèjì pọ̀. Bí kò bá tó, aáyù nìkan ti tó.

Bó bá jẹ́ ẹran lẹ ń wò, pàápàá ẹran tó máa sùn ní fírísà kí oníbàárà tó dé, ata-ilẹ̀ pupa (turmeric) ló borí gbogbo wọn lójú tèmi. Afẹ́fẹ́ máa ń ba ọ̀rá ara ẹran jẹ́ díẹ̀díẹ̀, òun ló ń fa òórùn tí ẹran tó ti pẹ́ máa ń ní. Èròjà inú ata-ilẹ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní curcumin ń fa ìbàjẹ́ yẹn sẹ́yìn. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ òòrùn ń pa curcumin, nítorí náà, ẹ má ra èyí tí wọ́n dì sínú náílọ́ọ̀nù funfun sí iwájú ìsọ̀. Ohun tó tún ń já mi láyà ni àwọ̀ rẹ̀: ní Bangladesh, wọ́n ti ká àwọn tó ń da èròjà tó ní lẹ́ẹ̀dì mọ́ ọn kó lè pọ́n dáadáa, májèlé gidi sì ni lẹ́ẹ̀dì. Odindi egbò ni kí ẹ rà. Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ sá a sí abẹ́ òjìji títí yóò fi máa dún kákákà bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ, kí ẹ tó lọ̀ ọ́.

Mọ̀ríńgà nìkan ni mo lè pè ní oúnjẹ nínú wọn, torí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ewé gbígbẹ rẹ̀ ló jẹ́ purotéènì. Ó ń jẹ́ kí pupa inú ẹyin àti awọ adìẹ pọ́n. Èyí tó bá ti di àwọ̀ ilẹ̀, òòrùn ni wọ́n sá a sí, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Gíráàmù márùn-ún sí kílò fíìdì kan ló wọ́pọ̀ fún aáyù, atalẹ̀ àti ata-ilẹ̀ pupa, ìyẹn gíráàmù 125 sí àpò kílò 25. Ọgọ́rùn-ún bùrọ́ílà, ìyẹn adìẹ tí à ń sìn fún ẹran, máa ń jẹ tó àpò 16 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nítorí náà kílò méjì ìyẹ̀fun á gbé wọn dé òpin. Mọ̀ríńgà kì í ṣe bẹ́ẹ̀: kílò kan àti ààbọ̀ sí àpò ti pọ̀ jù, torí fáíbà inú rẹ̀, ìyẹn apá ewé tí kì í dà bọ̀rọ̀, kò ní jẹ́ kí wọ́n tètè dàgbà. Òṣùwọ̀n ni kí ẹ lò, ẹ má fi ìkúùkù wọ̀n ọ́n.

Ti inú ìgò ńkọ́? Òróró ewé bíi oregano àti thyme ló pọ̀ nínú rẹ̀, thymol àti carvacrol sì ni agbára wọn. Ó wọ́n, ṣùgbọ́n díẹ̀ rẹ̀ ti tó láti ṣiṣẹ́, omi mímu ni wọ́n sì sábà máa ń lò ó fún, èyí tó rọrùn fún ẹni tó ní adìẹ púpọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti iye thymol tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Ìgò tí kò bá kọ iye kankan, ẹ dá a padà. Kí ẹ sì ní kí wọ́n kán ẹ̀kán kan sínú ife omi mímọ́ lójú yín: bó bá funfun bíi wàrà, ó dára, bí òróró bá léfòó, adìẹ tó bá kọ́kọ́ mu ni yóò gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Ẹni tó ń sin ewúrẹ́ tàbí àgbò Iléyá kò nílò ìgò yìí rárá. Kòkòrò inú àpòlúkù wọn ló ń bá wọn da koríko, òróró yẹn tó bá pọ̀ lè pa àwọn kòkòrò náà. Ẹ já efinrin àti mọ̀ríńgà tútù fún wọn, kí ẹ fi owó ìgò ra èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ.