Bàálù Beaver dáa, àmọ́ ohun tí wọ́n fojú ìyá mi rí lórí síkéèlì ò kúrò lọ́kàn mi

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti síkéèlì yẹn ná. Ìyá mi wá kí wa ní Kánádà, mo wá ní kí n fi bàálù orí omi tí wọ́n ń pè ní Beaver gbé wọn yíká adágún kan ní British Columbia. A dé kántà, ọmọbìnrin ibẹ̀ ní gbogbo èrò gbọ́dọ̀ gun síkéèlì. Èyí ò bí mi nínú o, bàálù kékeré ni, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ bí ẹrù ṣe wúwo tó. Àmọ́ ṣe ló pariwo kílò Màámi sí ẹnì kejì ẹ̀ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn wa yíjú wò wọ́n, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Màámi ò gbọ́ òyìnbó púpọ̀, wọ́n ṣáà gbọ́ ẹ̀rín. Wọ́n ní, "Ṣé àpò gàrí ni mí ni?" Mo ní kí ọmọ yẹn bẹ̀ wọ́n, ó wo ẹ̀yìn mi, ó ní "Next!"

Páálọ́ọ̀tì ló bá wa tún un ṣe, òyìnbó kan tí irun ẹ̀ ti funfun. Ó gbé àpótí wá kí Màámi fi gùn ún, ó ní iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ni wọ́n máa jókòó, ó sì ní sùúrù títí wọ́n fi tú gèlè kí wọ́n lè rí nǹkan etí yẹn wọ̀. Kó tó tan ẹ́ńjìnnì, ó bẹ̀rẹ̀ síbi ẹsẹ̀ Màámi, ó ṣí ìdérí kan, ó ń da ọ́ìlì sí i. Nínú ibi téèyàn jókòó sí! Ó ní bó bá wà lókè pàápàá òun lè dà á, torí àwọn awakọ̀ òfurufú tó ń ná igbó àti yìnyín Kánádà ni wọ́n bi léèrè kí wọ́n tó ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ìlẹ̀kùn ẹ̀ fi fẹ̀ tó kí wọ́n yí dúrọ́ọ̀mù wọlé, tó sì wà lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀gbẹ́ yòówù tó bá fi sún mọ́ èbúté, wọ́n á kó ẹrù. Ẹ́ńjìnnì Gipsy ti ìlú Ọba ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lò, kí wọ́n tó gbé Wasp Junior ti Amẹ́ríkà sí i, tí agbára ẹ̀ jẹ́ horsepower 450. Ní Downsview, Toronto, ló ti kọ́kọ́ fò, 16 oṣù kẹjọ ọdún 1947, wọ́n sì ṣe ju 1,600 lọ kó tó di 1967 tí wọ́n dá a dúró.

Mo túmọ̀ ẹ̀ fún Màámi. 1947 ni wọ́n bí àwọn náà! Wọ́n fọwọ́ lu iwájú bàálù yẹn pẹ́pẹ́, "Háà, ẹgbẹ́ mi ni ẹ́!" Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti àárọ̀ nìyẹn. Ariwo ẹ̀ pọ̀ o, bíi bọ́lẹ̀kájà tó ń gun òkè, àmọ́ kò pẹ́ lórí omi rárá tó fi gbéra, Màámi sì ń fọwọ́ tọ́ka sí òkè olómi dídì bí ọmọdé títí a fi balẹ̀.

Màámi ní kí n fún wọn ní ìràwọ̀ márùn-ún. Méjì ni mo fún wọn. Nígbà tá a padà kọjá ní kántà, ọmọ yẹn ṣì wà níbẹ̀, kò bẹ̀ wọ́n.