Ọdún Méjì Pẹ̀lú RTSS: Bí Géèmù Mi Ṣe Tòrò Lẹ́yìn Tí Mo Dín Fréèmù Kù

Kí n tó máa lo RTSS, sófítíwíà tó ń fi òpin sí iye fréèmù géèmù, òpó òkúta ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Nínú géèmù kan tí mo ń gbá nígbà náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan wà tí òpó tò sí lọ́tùn-ún lósì. Bí mo bá ti fi máòsì yí ojú sápá ọ̀tún kíákíá, òpó tó yẹ kó dúró gbagidi á gé sí méjì: apá ìsàlẹ̀ á ti sún sí òsì, apá òkè á ṣì wà níbi tó wà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan á sì là wọ́n láàárín bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ. Mo wo òǹkà fréèmù, ìyẹn iye àwòrán tí géèmù ń gbé jáde láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, ní igun skíríìnì: 112, 97, 121, 88. Mónítọ̀ mi ò ju 60 Hz lọ. Èmi tí mo ti ń yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé káàdì mi, ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó ń ya àwòrán géèmù, ń gbé ọgọ́rùn-ún fréèmù, mi ò mọ̀ pé agbára káká ni odindi àwòrán kan fi ń dé ojú mi.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ò le. Mónítọ̀ kì í gbé àwòrán jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Láti òkè ló ti ń kùn ún wá sísàlẹ̀, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn. Èyí tó jẹ́ 60 Hz ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 60 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, tó fi jẹ́ pé mílísẹ́kọ́ńdì 16.67 ni àwòrán kọ̀ọ̀kan ní. Bí káàdì bá gbé àwòrán tuntun dé nígbà tí mónítọ̀ ti kùn dé àárín, mónítọ̀ ò ní padà sókè. Á kàn mú tuntun yẹn, á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Òkè á jẹ́ ti àná, ìsàlẹ̀ á jẹ́ ti òní. Ibẹ̀ ni àwòrán ti ń ya.

"Tan V-Sync" ni gbogbo ẹni tí mo bi ń sọ. Iṣẹ́ V-Sync ni pé kó dá káàdì dúró títí mónítọ̀ á fi kùn tán, kó tó gba àwòrán tuntun. Mo tàn án. Òpó dúró ṣinṣin, kò gé mọ́. Àmọ́ ọwọ́ mi wúwo. Mo á ti fa máòsì, ojú géèmù á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rò ó wò bóyá kóun yí, bí ìgbà téèyàn ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ ò dáa, tí ẹni tó wà lọ́hùn-ún ń pẹ́ kó tó gbọ́. Èyí tó tún wá burú ni ibi tí ogun bá ti gbóná: òǹkà á já láti 60 sí 30 gbì, kò ní yà ní 55 tàbí 50 rárá. V-Sync tó ń lo àyè àwòrán méjì péré ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fréèmù tó bá gba mílísẹ́kọ́ńdì 17 ti pàdánù ọkọ̀ tó yẹ kó wọ̀. Ó di dandan kó dúró de èyí tó ń bọ̀ ní 33.3. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Mo pa V-Sync, mo padà sọ́dọ̀ òpó mi tó ń gé.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo bá RTSS pàdé, tàbí kí n kúkú sọ pé ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó dáadáa, torí ó ti wà lórí kọ̀ǹpútà mi tipẹ́. RivaTuner Statistics Server ni orúkọ ẹ̀ ní kíkún. Alexey Nicolaychuk, tí wọ́n tún ń pè ní Unwinder, ló ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọ̀pọ̀ wa, MSI Afterburner, sófítíwíà tí wọ́n fi ń ṣètò káàdì, la fi sórí kọ̀ǹpútà, òun ló bá a wọlé, a sì ń fi wo òǹkà fréèmù àti bí káàdì ṣe gbóná tó, ó parí. Inú àpótí kékeré kan tí wọ́n kọ "Framerate limit" sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ kọ nọ́ńbà síbẹ̀, ẹ tẹ Enter, géèmù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ á gbọ́ràn lójú ẹsẹ̀. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá pa á tẹ́ ẹ tún un ṣí.

Kí n tó kọ nọ́ńbà kankan, mo tan ìlà tí wọ́n ń pè ní frametime, èyí tó ń fi hàn bí fréèmù kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé FPS (òǹkà fréèmù) ná, ìlà yìí ni kẹ́ ẹ máa wò. Nígbà tí mi ò tíì fi òpin sí i, tèmi rí bí eyín ayùn: 8, 9, 8, 24, 8, 11, 19. Tẹ́ ẹ bá pín in dọ́gba, ó lé díẹ̀ ní 80 FPS, iye tó dùn ún fi ṣe fáàrí. Ojú kì í sì í rí ìpíndọ́gba. 24 tó já lu àárín yẹn lojú ń rí. Mo kọ 60 síbẹ̀. Ìlà náà nà gbọnrangandan bí okùn tí wọ́n fà le: 16.7, 16.6, 16.7, 16.7. Mo rìn láti ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn dé ìpẹ̀kun kejì lẹ́ẹ̀mẹta, kò kọsẹ̀. Onílù tó ń yára, tó ń dúró, tó tún ń yára, ta ló fẹ́ jó sí ìlù ẹ̀? Èyí tó rọra ń lù ú lọ́gbọọgba lẹsẹ̀ ń bá lọ.

Ṣùgbọ́n òpin nìkan ò wo àwòrán yíya sàn. Ìlà tó ń gé òpó ṣì wà, ó kàn wá ń gun skíríìnì lọ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín ni. Ohun tó yí gbogbo ẹ̀ padà fún mi ni pé mo da òpin àti V-Sync pọ̀. Ohun tó ń mú V-Sync wúwo ni pé káàdì tó lè ṣe 110 ń ṣiṣẹ́ fún mónítọ̀ tí ò lè gbà ju 60 lọ. Àwòrán tó ti parí á máa tò sẹ́yìn ara wọn, èyí tẹ́ ẹ sì ń wò báyìí, ohun tí ọwọ́ yín ṣe ní fréèmù méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn ni. Bí káàdì bá wá lọ́ra ju mónítọ̀ lọ bíńtín, kò sí àwòrán tó máa rí ẹni tò sẹ́yìn ẹ̀. Bíńtín yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mónítọ̀ tí wọ́n kọ 60 Hz sí lára kì í sábà jẹ́ 60 géérégé. Mo wọn tèmi, 59.95 ni. RTSS ń gba nọ́ńbà tó ní dẹ́símà, mo bá kọ 59.94. Òpó dúró, ọwọ́ mi fúyẹ́. Ohun tí mo san ní pàṣípààrọ̀ ò ju pé fréèmù kan á fara hàn lẹ́ẹ̀mejì nígbà kan láàárín nǹkan bí 100 sẹ́kọ́ńdì. Mo ti jókòó ṣọ́ ọ rí, mi ò rí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwà òmùgọ̀ tí mo hù. RTSS ní ètò tó kan gbogbo géèmù, tí wọ́n pè ní Global, ó sì ní ti géèmù kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ fi 30 sí géèmù àtijọ́ kan, Global ni mo kọ ọ́ sí, mo sì gbàgbé. Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń bú káàdì mi. Mo yọ dráífà (sófítíwíà tó ń darí káàdì), mo tún un fi sí, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo nu eruku inú ẹ̀, gbogbo géèmù ṣì ń rọ́ lọ bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Àṣé 30 tí mo fọwọ́ ara mi kọ ló jókòó síbẹ̀ tó ń wò mí. Láti ìgbà náà, mi ò fọwọ́ kan Global mọ́; àmì ìròpọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ni mo fi ń mú fáìlì .exe géèmù kọ̀ọ̀kan wọlé, kálukú á ní tiẹ̀. Òfin kejì tí mo fi ìyà kọ́: ibì kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ti fi òpin sí i. Tí ti inú géèmù bá ń dá a dúró, tí ti dráífà tún ń dá a dúró, tí RTSS náà tún dá sí i, ìlà yẹn á padà di eyín ayùn.

Nígbà tí mo wá ra mónítọ̀ 144 Hz tó lè yí ìyára ẹ̀ padà láti bá káàdì rìn, mo rò pé mo ti dágbére fún òpin. Irọ́ ni. Irú mónítọ̀ yìí, G-SYNC ni NVIDIA, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe káàdì, pè é lọ́dún 2013, AMD tí wọ́n jọ ń díje pe tiẹ̀ ní FreeSync. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé mónítọ̀ ló ń dúró de káàdì, dípò kí káàdì máa dúró de mónítọ̀. Ó dára púpọ̀, àmọ́ ó ní òrùlé. Tí fréèmù bá kan 144, ìbáṣepọ̀ yẹn parí: ẹ ti padà sínú V-Sync tó wúwo, tàbí kí àwòrán tún máa ya tí V-Sync ò bá sí. Àwọn Blur Busters, ìkànnì kan tó ń dán mónítọ̀ wò, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ní kéèyàn fi fréèmù mẹ́ta sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé, mo sì gbà fún wọn. 141 ni mo fi síbẹ̀, V-Sync wà ní títàn nínú dráífà, mo sì pa ti inú géèmù. Mi ò tíì ní ìdí láti yí i padà.

Àwọn géèmù kan wà tí fréèmù tó pọ̀ jù á tún bà jẹ́ pátápátá. Skyrim ti 2011, tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó kọjá 60, àwọn nǹkan orí tábìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í fò kiri inú ilé fúnra wọn. Nínú Dark Souls II lórí kọ̀ǹpútà, idà ń gbó nílọ̀ọ́po méjì ní 60 ju ní 30 lọ, títí wọ́n fi tún un ṣe. Irú wọn so ìṣirò inú wọn mọ́ fréèmù, òpin sì di dandan fún wọn.

Ti ariwo fáànù, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ojú ìwé àkọ́kọ́ géèmù kan, níbi tí kò sí nǹkan kan ju orúkọ géèmù àti bọ́tìnì mẹ́ta lọ, ló ń ṣe 700 FPS lórí káàdì mi, fáànù ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo fi òpin sí i, ilé dákẹ́.

Máàkì mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Èyí tó kù, mo yọ ọ́ nítorí pé kì í ṣe gbogbo ibi ló dára jù. Òpin tí àwọn tó ṣe géèmù fi sínú ẹ̀, tí wọ́n bá ṣe é dáadáa, ń jẹ́ kí ọwọ́ yá ju RTSS lọ, torí pé inú ẹ́ńjìnì gan-an ló ti ń dá iṣẹ́ dúró. Ti RTSS lè fi tó fréèmù kan kún ìdúró yẹn. Àmọ́ ìlà frametime ti RTSS ló sábà máa ń gún jù. Fún géèmù ìbọn tí mo ti ń bá àwọn ẹlòmíràn díje, ti inú géèmù ni mò ń lò, mi ò sì tan V-Sync níbẹ̀ rárá. Àwòrán ìbáà ya, kí n ṣáà kọ́kọ́ yìnbọn. Irú géèmù bẹ́ẹ̀ kan tiẹ̀ wà tí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ tó ń ṣọ́ àwọn oníjìbìtì kì í jẹ́ kó ṣí tí RTSS bá wà lójúfò. Dráífà NVIDIA náà ti ní àpótí òpin tiẹ̀ láti 2020, ti AMD sì ti wà ṣáájú, nítorí náà ẹni tí ò bá fẹ́ kó sófítíwíà jọ lè lo ìyẹn. Scanline Sync, tó ń ti ìlà tó ń ya lọ síbi tójú ò ti ní rí i, mo dán an wò lórí géèmù àtijọ́ kan, ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ó fẹ́ káàdì tó ní agbára ṣẹ́kù dáadáa, sùúrù mi ò sì tó o.

Ibi tí mo ti ń lò ó jù báyìí ni géèmù tuntun tó wúwo fún káàdì mi. Kò lè di 60 mú, á máa lọ 60, 51, 57, 46. Tẹ́lẹ̀, 30 ni mi ò bá fi sí, kí n máa fara dà á. Ní báyìí, mo yí mónítọ̀ sí 120 Hz, mo kọ 40 sínú àpótí yẹn. Fréèmù kọ̀ọ̀kan á jókòó fún kíkùn mẹ́ta géérégé, mílísẹ́kọ́ńdì 25, àárín 16.67 àti 33.3 gan-an. Àbúrò mi gbá a fún bíi wákàtí kan, ó ní ṣé 60 ni. Mi ò tíì sọ fún un.