Ọdún mẹ́ta ní ilé-ìwé tó ní kọ́bọ́ọ̀dù ife-ẹ̀yẹ: ohun tí ojú mi rí

Bí ẹ bá wọ yàrá tí wọ́n ti ń gba àlejò ní ilé-ìwé tí àkọ́bí mi lọ ní apá Ìkòròdú, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan tó ga jù mí lọ ni ojú yín máa kọ́kọ́ bá. Ife-ẹ̀yẹ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́: ti ìṣirò, ti sípẹ́lì, ti àríyànjiyàn, ti eré ìje. Mo ti ka mẹ́tàdínlógún nínú wọn kí ẹni tó fẹ́ dá mi lóhùn tó dé. N ò ní parọ́ fún yín, kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ló gba owó lápò mi. Aránṣọ sì ni mí o. Èmi náà ni mo máa ń gbé aṣọ tó dùn ún wò jù kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn tí ọwọ́ ṣìnà lórí wọn á wà lábẹ́ tábìlì. Lọ́jọ́ náà, ọgbọ́n tí mo fi ń tajà ni wọ́n fi tajà fún mi.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni ọmọ mi obìnrin wọ JSS 1 níbẹ̀. Oṣù keje 2025 ló parí JSS 3. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣì wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní dárúkọ ilé-ìwé náà. Ẹ̀kọ́ inú kíláàsì kọ́ ni mo fẹ́ sọ, ìyẹn ò burú. Ohun tí wọ́n fi ń polówó ara wọn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò: àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìrìn-àjò, ìdíje, àti àwọn àṣeyọrí tí wọ́n ń gbé sórí Facebook. Owó tiwọn yàtọ̀ sí owó ilé-ìwé. Robotics, 15,000 náírà ní táàmù kan. Chess, 8,000. JETS (ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì), Press Club (ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn), Red Cross àti ẹgbẹ́ àṣà kò gba owó, àfi owó aṣọ nígbà tó bá yá.

Robotics ni mo kọ́kọ́ sanwó fún, torí orúkọ rẹ̀ ló tóbi jù. Mo rò pé ọmọ mi yóò máa so wáyà mọ́ wáyà, yóò máa fi kọ̀ǹpútà pàṣẹ fún ẹ̀rọ. Nígbà tó di àárín táàmù, mo bi í pé kí ló ti ṣe. Ó ní, "Mọ́mì, èmi ni mo máa ń di báàgì náà mú." Báàgì wo? Báàgì tí wọ́n ń kó àwọn irinṣẹ́ ọ̀hún sí. Ọgbọ̀n ọmọ ló wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, irinṣẹ́ méjì péré ni wọ́n ní, ọwọ́ ọmọkùnrin SS kan ló sì máa ń wà lórí rẹ̀ látìgbà tí wọ́n bá ti tú u sílẹ̀ títí wọ́n á fi kó o padà. Lọ́jọ́ tí wọ́n pe òbí wá wòran, rọ́bọ́ọ̀tì kékeré náà rìn, ó rí ògiri, ó yà. A pàtẹ́wọ́. Ọmọ mi dúró lẹ́yìn pẹ̀lú báàgì. Mo yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn táàmù méjì. Mo ní kí wọ́n dá ìlàjì owó táàmù kejì padà fún mi, wọ́n ní owó tó bá ti wọ báńkì ilé-ìwé kì í jáde mọ́.

Ti ife-ẹ̀yẹ wá ńkọ́? Òótọ́ ni pé wọ́n ń gbà á. Àmọ́ ó pẹ́ kí n tó fura pé ojú kan náà ni mo ń rí nínú gbogbo àwòrán. Ọmọ mẹ́fà ni. Àwọn mẹ́fà yìí ló ń lọ Cowbellpedia, ìdíje ìṣirò tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, tí ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò kó tó dé iwájú kámẹ́rà. Àwọn náà ló ń lọ àríyànjiyàn. Àwọn náà ló ń lọ sípẹ́lì. N kò bá wọn jà pé wọ́n fẹ́ borí. Ta ni kò fẹ́? Ìdíje sípẹ́lì ìpínlẹ̀ Èkó tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001 ńkọ́, tí ẹni tó bá gbégbá orókè ń di gómìnà ọlọ́jọ́ kan? Ọmọ ilé-ìwé ìjọba ti jókòó sórí àga yẹn, láìsí pé bàbá rẹ̀ san 15,000 fún ohunkóhun.

Lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti tú, olùkọ́ kan ń dúró ti àwọn mẹ́fà yìí títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Owó ta ni wọ́n fi ń san ti olùkọ́ yẹn? Ti gbogbo wa ni. Kí n sọ òtítọ́, mo kọ́kọ́ ń jowú wọn, títí ìyá ọ̀kan nínú wọn fi gbé aṣọ wá fún mi rán. Ó ní ìdíje mẹ́rin ni ọmọ òun lọ ní táàmù kan, ó ti ń pe lẹ́tà sípẹ́lì lójú oorun. Nígbà tó bẹ ilé-ìwé pé kí wọ́n jẹ́ kó sinmi, wọ́n ní, "Mà, ta la fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ló la ojú mi. Ẹ kò kọ́ ẹlòmíràn, níbo lẹ ti fẹ́ rí ẹni tí ẹ máa fi rọ́pò?

Mo lọ bá igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé. Mo kúnlẹ̀ kí i, torí bàbá náà ti dàgbà, mo wá béèrè pé ọmọ mélòó ló ti ṣojú ilé-ìwé yìí níta lọ́dún yìí. Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá wa, gbogbo ọmọ kọ́ ló lè lọ ìdíje." Mo ní, "Òótọ́ ni, sà. Àmọ́ gbogbo wa la sanwó." Kò bínú. Mo tún béèrè nípa bánà WAEC tó wà ní géètì, èyí tí wọ́n ya àwòrán ọmọ kan sí pẹ̀lú A1 mẹ́sàn-án. Àwọn yòókù ńkọ́? Ibí yìí ni màá ti yìn ín, torí kò pa nǹkan kan mọ́. Ó yí lápútọ́ọ̀pù rẹ̀ sí mi: nínú ọmọ 52 tó jókòó ṣe ìdánwò, 39 ló ní kírẹ́dì márùn-ún tí ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì máa ń béèrè. Èsì tó dára ni. Mo ní kí ló dé tí ẹ kò kọ ìyẹn sí bánà? Ó ní, "Ìyá wa, 39 nínú 52 kì í pe oníbàárà." Ó gbàgbé pé oníbàárà lòun ń bá sọ̀rọ̀.

Ibi tí n kò ná kọ́bọ̀ sí ni mo ti jèrè jù. Nígbà tí mo yọ ọmọ mi kúrò ní robotics, Press Club nìkan ló ṣì ní àyè. Kò sẹ́ni tó ń fi ẹgbẹ́ yẹn polówó. Anti tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì ló ń darí wọn, pátákó ìròyìn wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kantíìnì, ibi tí epo àkàrà ti ń ta sí ìwé. Ọmọ mẹ́rìnlá ni wọ́n. Lọ́dọ̀ Anti yìí, kò sẹ́ni tó ń di báàgì mú: ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ìròyìn kan wá, ó kéré tán gbólóhùn mẹ́wàá, ó sì gbọ́dọ̀ ti bi ènìyàn méjì léèrè ọ̀rọ̀ kó tó kọ ọ́. Ìròyìn àkọ́kọ́ tí ọmọ mi kọ dá lórí omi ẹ̀rọ tí kò yọ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin. Wọ́n fẹ́ ká a kúrò lórí pátákó. Anti ní kí wọ́n kúkú tún omi ṣe, kí ìròyìn náà lè di irọ́. Omi yọ lọ́sẹ̀ kejì.

Ní JSS 2, wọ́n kó wọn lọ sí Àgbádárìgì. 12,000 náírà, oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì gbéra láago mẹ́fà àárọ̀, àmọ́ ẹ mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, ó tó ọ̀sán kí wọ́n tó dé. Wọ́n rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí àwọn míṣọ́nárì CMS kọ́ parí ní 1845. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu, wọ́n rin ọ̀nà iyanrìn tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sí etí òkun. Kànga kan wà lójú ọ̀nà yẹn, tí wọ́n ní wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú mu omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Àwọn ọmọ yòókù ń ya àwòrán. Ọmọ mi nawọ́, ó bi ẹni tó ń mú wọn kiri pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló gbẹ́ kànga yìí?" Ọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní kí wọ́n máa bọ̀, kí ọkọ̀ má baà já wọn sílẹ̀.

Ìbéèrè yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀ ìròyìn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Anti ní kó tún un kọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo dìde láago kan òru pé kí n pa iná pálọ̀, mo bá a níbẹ̀, ó ń fa gbólóhùn kan rẹ́, ó tún ń kọ ọ́ padà. Ọmọ tó jẹ́ pé C ló máa ń gbà nínú àròkọ! Ó kà á níwájú gbogbo ilé-ìwé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó máa fi parí JSS 3, A ló gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mo lọ wo Facebook ilé-ìwé lọ́sẹ̀ tó ka ìròyìn yẹn, bóyá wọ́n á fi ti òun náà sí i. Ìrìn-àjò Àgbádárìgì wà níbẹ̀ lóòótọ́: àwọn mẹ́fà wa, wọ́n tò síwájú bánà ilé-ìwé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ti ẹgbẹ́ àṣà, èmi gan-an ni mo rán aṣọ wọn fún ọjọ́ àṣà, ìró àti bùbá fún obìnrin mẹ́rìnlá, bùbá àti ṣòkòtò fún ọkùnrin mẹ́wàá, mo sì dín owó kù fún wọn. Lọ́jọ́ tí mo lọ wọn àwọn ọmọ náà, ọmọdébìnrin kan kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Inú mi dùn. Kí n tó na téèpù tán, ọmọ tó ń kọ orúkọ aláriwo ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀: ó sọ vernacular, 50 náírà. À ń wọn ọmọ fún aṣọ òkè, wọ́n ń bu owó ìtanràn lé e torí pé ó kí àgbà! Láti 2018 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣòfin pé kí gbogbo ilé-ìwé, títí kan ti aládàáni, máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá. Wọ́n ń kọ́ ọ lóòótọ́, ogójì ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mo bá ọmọ náà san 50 náírà rẹ̀. Nígbà tí mo ń kọ ìwé owó iṣẹ́ mi fún ilé-ìwé, mo fi 50 náírà kún un.

Inter-house sports: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ march past, kíláàsì dúró. Owó aṣọ, owó ìpanu, owó àga òbí. Òjò ò rọ̀, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́.

Chess ló yà mí lẹ́nu. Lẹ́yìn tí Tunde Onakoya, ọmọ Nàìjíríà tó mọ chess ta, ta á fún 60 wákàtí ní Times Square, New York, ní oṣù kẹrin 2024, kò sí ọmọ tí kò fẹ́ ta chess mọ́. Mo rò pé yóò dà bíi robotics. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pátákó chess kò wọ́n, ilé-ìwé ra méjìlá, ọmọ mẹ́rìnlélógún ló ń ta lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó ń wòran. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n pè láti ìta ló ń kọ́ wọn, ó sì máa ń mú ọmọ JSS 1 jókòó ti ọmọ SS 2. Ọmọ mi ọkùnrin ti na ọmọ SS 2 kan. Ilé ò gba wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo gbé ọpọ́n ayò bàbá mi sílẹ̀ kí n lè gbẹ̀san. Ọ̀sẹ̀ kan ló fi kọ́ ọ tó fi sọ èmi di òpè.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́, ilé-ìwé tí Táì Ṣólàárín dá sílẹ̀ ní 1956. Oko tí wọ́n ro níbẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, gbogbo wa la ti gbọ́ ọ sú. Nígbà tí mo ròyìn báàgì robotics fún un, ó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, ní tiwa, kò sẹ́ni tó lè ṣojú rẹ lóko. Ọkọ́ tìẹ wà lọ́wọ́ ẹ."

Tó bá jẹ́ ìràwọ̀ lẹ fẹ́: robotics, ọ̀kan. Ìdíje, méjì. Chess, márùn-ún. Press Club, márùn-ún, Anti ni mo sì fún, n kò fún ilé-ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé-ìwé fún ọmọ, ẹ má lọ lọ́jọ́ tí wọ́n pè yín. Ẹ lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ní àkókò ẹgbẹ́, kí ẹ dúró lójú fèrèsé, kí ẹ ka ọwọ́ tó ń ṣe nǹkan àti ọwọ́ tó ń di báàgì mú. Ẹ béèrè ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ tí ọmọ yín fẹ́, àti iye ọdún tó ti lò níbẹ̀.

Torí Press Club ni mo ṣe gbà kí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ SS 1 níbẹ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n wọlé ni Anti pè mí lórí fóònù. Ó ti ríṣẹ́ sí ilé-ìwé mìíràn, lápá Ṣàgámù, kò sì fẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ṣàdúrà fún un. Mo wá béèrè iye owó ilé-ìwé ibẹ̀.