i7-7500U àbí i5-8250U: èwo ni kí ẹ mú nínú láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀?

Bí ẹ bá wọ Computer Village ní Ìkẹjà láti ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, "i7 ni o!" lẹ ó máa gbọ́ kiri. i7 àti i5 jẹ́ orúkọ processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí Intel ṣe. Ẹ má tíì yọ owó. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé i7 yẹn gan-an ni kí ẹ kà.

i7-7500U: 7 tó ṣáájú nínú 7500 fi hàn pé ìran keje Intel ni. Ọdún 2016 ló jáde, core (ẹ̀yà tó ń ṣiṣẹ́ nínú processor) méjì péré ló sì ní. i5-8250U jẹ́ ìran kẹjọ, ọdún 2017 ló dé, core mẹ́rin ló ní. Ọlọ́jà lè ní 2.7GHz (ìwọ̀n ìyára) ni i7 tòun, pé 1.6 ni i5 yẹn. Òótọ́ ni, àmọ́ ìyára ìpìlẹ̀ nìyẹn. Tíṣẹ́ bá dé, i7 lè gùn dé 3.5, i5 náà lè dé 3.4, core rẹ̀ sì jẹ́ ìlọ́po méjì. Yàtọ̀ síyẹn, Microsoft ò fi 7500U sára àwọn tí Windows 11 gbà, bẹ́ẹ̀ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní October 14, 2025. Lójú tèmi, i5 ló borí, kò tiẹ̀ súnmọ́ra.

Èyí tó ní U ní ìparí sábà máa ń jẹ iná wáàtì 15. H tàbí HQ sábà máa ń jẹ 45; wọ́n lágbára, àmọ́ bátìrì wọn kì í pẹ́. Níbi tí iná ò ti dúró, U ni kí ẹ mú.

ThinkPad T480 àti T480s, láptọ́ọ̀pù Lenovo, wà lára àwọn tẹ́ ẹ ti máa bá 8250U pàdé. Ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wo kóòdù tó wà nídìí rẹ̀: 20L5 tàbí 20L6 ni T480, 20L7 tàbí 20L8 ni T480s. T480s fúyẹ́, ó sì rẹwà, àmọ́ inú ni bátìrì rẹ̀ wà, wọ́n sì ti jó apá kan RAM (mẹ́mọ́rì) rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù. T480 ní ojúhò RAM méjì, bátìrì ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣeé yọ láìlo sukudíráfà. Òun ni mo fẹ́ràn jù.

Sítíkà ṣeé ṣí lẹ̀ mọ́ òmíràn o. Ẹ ní kí wọ́n tàn án, ẹ tẹ Windows pọ̀ mọ́ R, kí ẹ kọ msinfo32. Ẹ ó rí Processor àti System Model níbẹ̀. Bí ọlọ́jà bá kọ̀ láti tàn án, ẹ bọ́ sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.